Ta ló ń jẹ CPU? Àárọ̀ Jímọ̀ ọjọ́ owó oṣù lórí Db2

Aago 9:22 ni ìpè Ìyá Ìbejì wọlé. Mo ti mọ̀ kí n tó gbé e pé nǹkan ti bàjẹ́, torí WhatsApp ni wọ́n fi ń bá mi ṣeré, fóònù ni wọ́n fi ń bá mi ṣiṣẹ́.

"Àbúrò, àwọn ẹ̀ka ti ń pariwo o. CICS ò dáhùn. Wọ́n ní àwọn á tẹ Enter, àwọn á dúró títí oníbàárà á fi bẹ̀rẹ̀ sí í wo aago."

"Ẹ kú iṣẹ́, mà. Ó ti tó ìgbà wo?"

"Kò tíì pé ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Má jẹ́ kó pé ogún."

Báńkì kan ní àríwá ilẹ̀ England ni àwa méjèèjì ń bá ṣiṣẹ́. Ìyá Ìbejì ti wà ní yàrá tí wọ́n ti ń ṣọ́ ẹ̀rọ látìgbà tí z/OS, ètò tó ń darí kọ̀ǹpútà ńlá (mainframe) náà, ṣì ń jẹ́ MVS. Db2, ibi tí báńkì ń kó dátà rẹ̀ sí, ni èmi ń tọ́jú; CICS ni ètò tí àwọn akọ̀wé ẹ̀ka fi ń dá oníbàárà lóhùn. Tí kò bá sí ẹlòmíràn lórí ìlà, Yorùbá la máa ń sọ. Jímọ̀ tó kẹ́yìn oṣù lọjọ́ náà, ọjọ́ tí owó oṣù ń wọlé, tí gbogbo ayé ń fẹ́ mọ̀ bóyá tiwọn ti dé.

Kí n tó tan laptop mi, wọ́n ti pe ìpàdé pàjáwìrì. Èèyàn bíi mẹ́tàdínlógún wà lórí ìlà, ọ̀gá kan láti ẹ̀ka tó ń kọ ohun èlò sì ti gbé àwòrán kan sójú kọ̀ǹpútà fún gbogbo wa: CPU 71%. Ó ní ẹ̀rọ ò kún, nítorí náà Db2 ló gbọ́dọ̀ di ohun kan mú. Mo wo ìsàlẹ̀ àwòrán náà. RMF, ètò tó ń wọn bí ẹ̀rọ ṣe ń ṣiṣẹ́, ni wọ́n ti fa nọ́ńbà yẹn yọ, láti apá rẹ̀ tó ń jẹ́ Monitor I; ìṣẹ́jú 15 15 ló sì máa ń kó jọ kó tó kọ àkọsílẹ̀ kan sínú SMF, ìwé àkọsílẹ̀ ẹ̀rọ náà. Àkọsílẹ̀ tó jáde kẹ́yìn parí ní aago 9:15. Nǹkan ò tíì bàjẹ́ nígbà yẹn. Ó dà bí ẹni tó gbé fọ́tò àná dání, tó fi ń wá ẹni tó jí ewúrẹ́ gbé láàárọ̀ yìí.

Mo wọ Monitor III. Ìyẹn yàtọ̀: ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan ló ń yẹ gbogbo iṣẹ́ tó wà lórí ẹ̀rọ wò, ta ló ń lo CPU, ta ló dúró, kí ló dúró dè, á wá kó àyẹ̀wò ìṣẹ́jú àáyá 100 jọ fún ọ lójú ewé kan. Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lọ́wọ́ lo máa rí. Àwọn CPU lásán mẹ́fà tí LPAR wa (ìpín tiwa nínú ẹ̀rọ náà) ní ti kún dẹ́nu, zIIP méjèèjì (CPU àkànṣe tó ń gba irú àwọn iṣẹ́ kan) náà sì ti kún.

Ẹ jẹ́ kí n ya ẹsẹ̀ kan sí ẹ̀gbẹ́ fún ẹni tí kò bá Db2 orí mainframe pàdé rí. Ilé oníyàrá mẹ́rin ni. MSTR ń kọ log, àkọsílẹ̀ àwọn àyípadà tó wọ dátà. DBM1 ló ń ka àtẹ, tó ń kó ojú ewé dátà sínú mẹ́mórì kó má baà máa sáré lọ sí dísíìkì ní gbogbo ìgbà. IRLM ló mú kọ́kọ́rọ́ dání, kí ẹni méjì má baà yí ìlà kan náà padà pọ̀. DIST ni ẹnu ọ̀nà iwájú, ibi tí àlejò tó gba TCP/IP (ọ̀nà nẹ́tíwọ́ọ̀kì) wá ń bá wọlé: àwọn ohun èlò Java, ojú ewé wẹ́ẹ̀bù, laptop àwọn tó ń ṣe ìròyìn fún ọ̀gá. CICS tí àwọn akọ̀wé ẹ̀ka ń lò kì í gba ẹnu ọ̀nà yẹn. Orí ẹ̀rọ kan náà lòun àti Db2 jọ wà, ilẹ̀kùn inú ilé ló ń gbà.

Ojú ewé PROC ni mo ṣí nínú Monitor III. Ẹni tó bá fẹ́ mọ ohun kan ṣoṣo nínú RMF, kó mọ ojú ewé yìí. Ìlà kọ̀ọ̀kan jẹ́ iṣẹ́ kan, nọ́ńbà méjì pàtàkì ló sì wà níwájú rẹ̀: DLY%, ìyẹn iye ìgbà tí a yẹ̀ ẹ́ wò tó jẹ́ pé ó fẹ́ CPU ṣùgbọ́n kò rí i, àti USG%, iye ìgbà tó wà lórí CPU gan-an. Ìparí ìlà náà lọ̀rọ̀ wà, níbi tó ti kọ orúkọ ẹni tó jókòó sórí CPU nígbà tí onítọ̀hún ń dúró. Àwọn CICS wa tò sókè níbẹ̀, ìdúró wọn lé ní 80%. Ní ìparí ìlà gbogbo wọn, orúkọ kan náà ni: DIST.

CICS ló ń ké, CICS ni gbogbo ẹ̀ka ń dárúkọ, CICS ni ẹnì kan lórí ìpàdé náà sì ní ká tì pa ká tún un tan. Bẹ́ẹ̀ CICS kò jẹ nǹkan kan; ebi ló ń pa á. Ẹlòmíràn ní ká yá agbára kún un, torí IBM máa ń jẹ́ kéèyàn ṣí CPU tó wà nínú ẹ̀rọ àmọ́ tí a ò tíì sanwó rẹ̀, kó sì san án bó ṣe lò ó mọ. Mo ní rárá. A kì í fi ètè sílẹ̀ ká máa pa làpálàpá. Tí a bá bu oúnjẹ kún un, ẹni tó ń jẹ ẹ́ yóò jẹ ìyẹn náà.

Ìyá Ìbejì ò sọ̀rọ̀ lórí ìpàdé. WhatsApp ni wọ́n fi ránṣẹ́: "Wo ENC." Wọ́n ti dé ibẹ̀ kí n tó dé ibẹ̀.

Nínú SDSF, ètò tí a fi ń wo àwọn iṣẹ́ tó wà lórí ẹ̀rọ, ojú ewé DA ló máa ń sọ ilé wo ló ń jẹ CPU, ó sì ti sọ ọ́: òpó ECPU% ti DIST ga ju ti gbogbo ẹlòmíràn lọ. Ṣùgbọ́n DIST kì í jẹun fún ara rẹ̀. Àlejò ló ń jẹ lórúkọ rẹ̀. Àlejò kọ̀ọ̀kan tó bá gba ibẹ̀ wọlé, z/OS á dá enclave kan sílẹ̀ fún un, ìyẹn bí abọ́ oúnjẹ tirẹ̀, tí WLM, ètò tó ń pín CPU fún iṣẹ́, á máa fi wọ̀n ọ́n. Ojú ewé ENC ló ń to abọ́ wọ̀nyẹn. Lọ́jọ́ tí ara bá dá, tó o bá tẹ Enter lẹ́ẹ̀mejì, o ò ní rí abọ́ kan náà, torí ìdá kékeré nínú ìṣẹ́jú àáyá ni iṣẹ́ tó mọ́ fi ń parí. Mo tò wọ́n tẹ̀ lé CPU-Time, mo tẹ Enter, mo tún tẹ̀ ẹ́. Mẹ́sàn-án ò kúrò lójú kan. Nígbà tí mo tún tẹ̀ ẹ́, wọ́n ti di mọ́kànlá.

Ó wá kù ká mọ orúkọ. Àṣẹ tí mo tẹ̀ nìyí:

-DISPLAY THREAD(*) LOCATION(*) DETAIL

Ohun tó dá padà bí mi nínú. Gbogbo àlejò mọ́kànlá ń jẹ́ db2jcc_appli, gbogbo wọn wọlé pẹ̀lú ìdánimọ̀ kan náà. Orúkọ tí dráífà Java fúnra rẹ̀ máa ń fúnni tí ẹni tó kọ ohun èlò kò bá ronú àtisọ ọ́ lórúkọ nìyẹn. Bí kí o béèrè lẹ́nu ọ̀nà pé "Ta nìyẹn?", kí mọ́kànlá dáhùn pé "Èmi ni." Ohun tó gbà wá ni ìlà tí a ń pè ní V445, tó kọ àdírẹ́sì IP tí àlejò ti wá. Ti gbogbo wọn jọra. Ọmọkùnrin kan nínú ìpàdé, tí kò tíì sọ̀rọ̀ látàárọ̀, ní sáfà tuntun tí wọ́n gbé jáde lálẹ́ Ọjọ́bọ̀ ni: ojú ewé kan fún àwọn tó ń gba ìpè oníbàárà, tí wọn á fi tètè wo owó tó wọlé tó jáde nínú àkáǹtì. Aago mẹ́sàn-án ni àwọn agbàpè máa ń bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́.

Ó ti yé mi tán. Oníbàárà pè pé ṣé owó oṣù òun ti dé. Agbàpè tẹ nọ́ńbà àkáǹtì. Ojú ewé náà ń yí, kò wá. Agbàpè tún tẹ̀ ẹ́. Èyí tó kọ́kọ́ tẹ̀ ò kú o, ó ṣì ń jẹun lẹ́yìn ilé, ìkejì ló wá bá a.

Ká tó lé àlejò jáde, ohun kan wà tí mo máa ń wò, àwọn ọ̀dọ́ wa kì í sì í wò ó. Ṣé ó ti kọ nǹkan sílẹ̀? Tó bá jẹ́ iṣẹ́ tó ti yí ọ̀kẹ́ àìmọye ìlà padà láìtíì ṣe commit (ìyẹn láìtíì fi òǹtẹ̀ lù ú), bí o bá gé e, Db2 gbọ́dọ̀ dá gbogbo rẹ̀ padà sí bó ṣe wà, kò sì ní tú kọ́kọ́rọ́ tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ sílẹ̀ títí á fi ṣe tán. Ìyẹn lè burú ju àrùn tó o fẹ́ wò lọ. Àwọn wọ̀nyí ń ka dátà lásán ni. Mo fi -CANCEL THREAD gé wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. CICS mí sínú. Láàárín ìṣẹ́jú méjì, mẹ́fà tuntun ti wọlé.

Ibí ni mo ti ṣe àṣìṣe tèmi, mi ò sì ní fi pamọ́. Mo fẹ́ mọ ìbéèrè SQL (èdè tí a fi ń bá Db2 sọ̀rọ̀) náà gan-an, ara mi ò sì balẹ̀. Mo ṣí trace, ìyẹn àkọsílẹ̀ ohun tí Db2 ń ṣe lọ́wọ́, mi ò ya ẹnikẹ́ni sọ́tọ̀, mo sì kó IFCID 198 mọ́ ọn, èyí tó ń ṣe àkọsílẹ̀ gbogbo ìgbà tí Db2 bá béèrè fún ojú ewé dátà kan. Iṣẹ́ tó ń ka ojú ewé bí ẹni ń rọ gààrí ni mo ní kí ẹnì kan jókòó tì, kó máa ka hóró rẹ̀. DBM1 gbéra. Ẹ̀ka tún pariwo. Ìyá Ìbejì pè: "Àbúrò, kí lo ṣe?" Mo pa trace náà lójú ẹsẹ̀. Ẹni tó ń ṣọ́ ẹ̀rọ náà ń jẹ nínú ẹ̀rọ, ó yẹ kí n ti mọ̀.

Ọ̀nà tó fúyẹ́ wà. Db2 ní àyè kan nínú mẹ́mórì tó ń kó ìbéèrè alààyè (dynamic SQL, èyí tí ohun èlò ń kọ ránṣẹ́ lójú ẹsẹ̀) pamọ́ sí, kó má baà máa tún wọn rò látìbẹ̀rẹ̀. Tí IFCID 318 bá wà ní títàn, á máa ka iye CPU àti iye ojú ewé tí ìbéèrè kọ̀ọ̀kan jẹ, owó rẹ̀ ò sì pọ̀. Tiwa wà ní pípa, torí ẹnì kan nígbà kan rí ti fẹ́ fi CPU pamọ́. Mo tàn án, mo dúró ìṣẹ́jú mẹ́ta, mo ṣe EXPLAIN STMTCACHE ALL, àṣẹ tó ń kó wọn jáde, mo sì to àbájáde rẹ̀ tẹ̀ lé òpó STAT_CPU. Ìbéèrè kan náà ló kún òkè, nọ́ńbà àkáǹtì nìkan ló ń yí padà. Òpin ọ̀kan lára rẹ̀ rí báyìí (mo ti yí nọ́ńbà rẹ̀):

WHERE ACCT_NO = 04417725

Mo wò ó títí. Kò sí àmì (') tó há nọ́ńbà yẹn mọ́ àárín.

Nọ́ńbà mẹ́jọ ni àkáǹtì ní báńkì ilẹ̀ England máa ń ní, àwọn kan nínú wọn sì ń fi òdo bẹ̀rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí òpó ACCT_NO fi jẹ́ CHAR nínú àtẹ wa, lẹ́tà ni kì í ṣe iye, kí òdo iwájú má baà sọnù. Ẹni tó kọ ojú ewé tuntun náà fi nọ́ńbà lásán wé òpó lẹ́tà. Láyé àtijọ́, Db2 ì bá ti lé e padà pẹ̀lú SQLCODE -401 pé irú méjèèjì ò bára mu, ì bá sì ti rí àṣìṣe rẹ̀ lọ́jọ́ tó kọ ọ́. Láti DB2 10, tó jáde lọ́dún 2010, ó di aláàánú: á sọ lẹ́tà di iye fúnra rẹ̀, lẹ́yìn náà á fi wọ́n wéra. Ẹ wo ohun tí àánú yẹn ń ná wa. Nínú atọ́ka (index), '04417725' wà níbì kan, '4417725' wà níbòmíràn jíjìnnà réré, torí bí ìwé atúmọ̀ èdè ni atọ́ka ṣe ń to lẹ́tà. Gẹ́gẹ́ bí iye, ọ̀kan náà ni wọ́n. Db2 ò lè gbẹ́kẹ̀ lé atọ́ka mọ́, ó ní láti gbé ìlà kọ̀ọ̀kan nínú àtẹ, kó sọ lẹ́tà rẹ̀ di DECFLOAT, irú iye kan, kó tó béèrè pé ṣé ìwọ ni. Àtẹ náà sì jẹ́ ti ọdún méje. Nínú PLAN_TABLE, àtẹ tí EXPLAIN ń kọ ọ̀nà tí Db2 máa gbà sí, ACCESSTYPE rẹ̀ jẹ́ R, kíka àtẹ láti orí dé ìrù. Mo fi àmì kékeré méjì há nọ́ńbà náà mọ́ àárín, mo tún ṣe EXPLAIN: I, MATCHCOLS 1, ìyẹn ni pé ó ti ń gba atọ́ka.

"Ṣé wọn ò dán an wò ni?" Ìyá Ìbejì béèrè.

Wọ́n dán an wò, mà. Lórí àtẹ ìdánwò tí kò ju ẹgbẹ̀rún ìlà díẹ̀ lọ, kíkà gbogbo rẹ̀ ò gba àkókò tí ojú lè rí.

Aago 10:47 ni wọ́n pa ojú ewé náà. Mo gé àwọn tó kù, ìdúró CICS sì já wálẹ̀ nínú àyẹ̀wò ìṣẹ́jú àáyá 100 tó tẹ̀ lé e. Àwọn ará ìpàdé dúpẹ́, wọ́n lọ. Èmi àti Ìyá Ìbejì ò lè lọ, nítorí ọ̀rọ̀ owó.

Iye tí báńkì ń san fún sọ́fítíwíà lóṣù ń tẹ̀ lé MSU, ìdíwọ̀n iṣẹ́ tí ẹ̀rọ ṣe. Ìṣẹ́jú 5 5 ni wọ́n ń mú ìwọ̀n kan, wọ́n á kó 48 tó kẹ́yìn jọ, ìyẹn wákàtí mẹ́rin, wọ́n á pín in dọ́gba, wọ́n á sì máa yí i lọ bẹ́ẹ̀. Èyí tó ga jù láàárín oṣù ni wọ́n máa fi ṣírò owó. A sì ti sọ fún LPAR wa pé ìwọ̀n kan wà tí kò gbọ́dọ̀ kọjá. Bí ìpíndọ́gba wákàtí mẹ́rin bá kọjá ibẹ̀, WLM á fún ẹ̀rọ lọ́rùn títí á fi wálẹ̀. Ohun tó ń bà mí lẹ́rù nìyẹn: iṣẹ́ òru tó ń san owó oṣù ò tíì jáde tán nínú wákàtí mẹ́rin yẹn nígbà tí èyí tún gùn ún. Olè ti lọ, síbẹ̀ wọ́n lè ṣì fi ilé sínú òkùnkùn. A jókòó, a ń wo nọ́ńbà náà. Ó gòkè títí di aago 11:10, ó sún mọ́ ààlà tó jẹ́ pé mo dẹ́kun mímu tíì mi, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀ kalẹ̀.

Lọ́sàn-án ni wọ́n tún ojú ewé náà kọ. Wọ́n fi àmì ìbéèrè rọ́pò nọ́ńbà, wọ́n sì ń fi setString, àṣẹ Java kan, gbé e wọlé bí lẹ́tà. Ìyẹn tún wo àìsàn kejì sàn, torí pẹ̀lú nọ́ńbà tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ ìbéèrè tẹ́lẹ̀, lójú Db2 àkáǹtì kọ̀ọ̀kan jẹ́ ìbéèrè tuntun tó gbọ́dọ̀ tún rò látìbẹ̀rẹ̀. Wọ́n sì fún ohun èlò náà lórúkọ tirẹ̀. Mi ò ní kí wọ́n gbé e jáde láìsí ìyẹn.

Ìbéèrè kan kù tí ẹnikẹ́ni ò bi mí, èmi ni mo bi ara mi. Báwo ni ojú ewé àwọn agbàpè ṣe lè fi ebi pa akọ̀wé ẹ̀ka tó ní oníbàárà níwájú? WLM ló ń pín CPU, iṣẹ́ rẹ̀ sì ni kó mọ ta ni kí ó kọ́kọ́ bù fún. Mo lọ ka òfin tí a fún un. Ẹnì kan ti kọ ọ́ lọ́dún pípẹ́ sẹ́yìn pé kí gbogbo ohun tó bá gba DIST wọlé wà ní ìpele kan ṣoṣo, kí ó sì ṣe pàtàkì bákan náà pẹ̀lú CICS. Nígbà yẹn, ohun èlò méjì péré ló ń gba ibẹ̀. Kò sí ìpele kejì tí alájẹkì á já sí. WLM ò ṣe àìdáa, ohun tí a ní kó ṣe ló ṣe. Ìpele mẹ́ta ló wà níbẹ̀ báyìí: ẹni tó bá tètè parí á rí ìtọ́jú ọba, ẹni tó bá pẹ́ á sọ̀ kalẹ̀, ẹni tó bá pẹ́ jù á máa jẹ ohun tó bá ṣẹ́ kù nínú ìkòkò.

zIIP náà wà nínú rẹ̀. Títí dé 60% iṣẹ́ tó gba TCP/IP wọlé lè lọ sórí zIIP, ìyẹn kì í sì í wọ inú MSU tí a ń sanwó rẹ̀. Nítorí náà àwọn ọ̀gá fẹ́ràn DIST, wọ́n ní ọ̀fẹ́ ni. Ọ̀fẹ́ ni o, títí zIIP méjèèjì á fi kún, tí èyí tó ṣẹ́ kù á sì dà sórí CPU olówó. Mo ti bẹ̀rẹ̀ sí í fi òpó iye tó ń dà jáde yẹn sínú ohun tí Ìyá Ìbejì ń wò láràárọ̀.

Ohun tó kẹ́yìn tí a ṣe ni RLF, tó ń fún ìbéèrè alààyè ní ìwọ̀n CPU tí kò gbọ́dọ̀ kọjá. Mo kọ ìlà tirẹ̀ sínú àtẹ DSNRLMT, mo sì ṣe -START RLIMIT ní ọjọ́ Ajé. Ọjọ́rú, aago 2:15 ọ̀sán, SQLCODE -905 já ìbéèrè àkọ́kọ́ lulẹ̀. Ìyá Ìbejì fi ránṣẹ́ sí mi pẹ̀lú ẹ̀rín gbọọrọ. Laptop mi ló ti wá. Mo fẹ́ ka iye ìlà tó wà nínú àtẹ ọdún méje yẹn fún àkọsílẹ̀ yìí.